Nangbéto: Ohun tí Ń Mú Ọmọ Dúró ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Atakpamé jókòó sáàrin òkè. Nangbéto wà ní ìsàlẹ̀, ní ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn, níbi tí odò Mono ti fẹ̀ di adágún. Ọ̀nà tí ó wà láàrin wọn kò ju nǹkan bí 35 kìlómítà lọ. Bí ènìyàn bá ti fi àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Djama àti Gnagna sẹ́yìn, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, igi ńlá a máa dín kù, pápá a sì ṣí sílẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì: oko iṣu, oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́, àti ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, oko òwú tí ó funfun láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé ibi tí ojú lè rí i mọ.

Fún àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè Yorùbá àti ní èdè Faransé, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì. Àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè ní Ana, gbà pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Èdè wọn àti Yorùbá jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ Odon-Itsu, ayẹyẹ iṣu titun wọn, kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọdún iṣu ni wọ́n ń wí. Bí a sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà odò ni èdè ń pọ̀ sí i: a gbọ́ Ifẹ̀, a gbọ́ Ewe, a gbọ́ Aja, a gbọ́ Kabiyè. Nínú kíláàsì, gbogbo wọn a padà di Faransé.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni a rin ìrìn náà, àwa olùkọ́ mẹ́rin pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kan ti lísè. Lórí ìwé, a ń lọ wo ìsédò Nangbéto, èyí tí gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ń pè ní bàráàjì, nítorí ẹ̀kọ́ físíìsì àti ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà lọ́kàn wa. Láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti wọlé lẹ́yìn ìsinmi Kérésìmesì ni ìjókòó mélòó kan ti ṣófo. Bí a bá ń pe orúkọ ní òwúrọ̀, a ó pe orúkọ kan, a ó dúró, a ó tún un pè, lẹ́yìn náà a ó fi gègé fa ilà kékeré kan. Oṣù kìn-ín-ní ṣì jẹ́ oṣù kíká òwú. Púpọ̀ nínú àwọn tí a fa ilà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, ìhà Mono ni àwọn òbí wọn ń gbé. A fẹ́ mọ ohun tí ó ń fa ọmọ kúrò lórí ìjókòó, a sì fẹ́ mọ ohun tí ó lè mú un dúró.

Ìsédò náà ni a kọ́kọ́ yà sí. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1987 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá. Communauté Électrique du Bénin, àjọ tí Tógò àti orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí dá sílẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1968, ni a kọ́ ọ fún. Ẹ̀rọ ńlá méjì tí omi ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, agbára àwọn méjèèjì sì jẹ́ 65 mẹ́gáwáàtì. Bí adágún bá kún, ó lè bo ilẹ̀ tí ó tó 180 kìlómítà onígun mẹ́rin. Òjò àríwá ni ó ń kún un. Mono ń ti àríwá Tógò bọ̀, odò Anié àti odò Ogou, èyí tí ó fún àgbègbè ìjọba wa lórúkọ, ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá Nangbéto, Mono di ààlà láàrin Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kí ó tó dé òkun ní ìhà Grand-Popo.

Ẹni tí ó mú wa yí ibẹ̀ ká fi sùúrù ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí omi tí a gbé sókè ṣe ń já lu abẹ́ ẹ̀rọ, bí abẹ́ náà ṣe ń yí, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú omi ìgbà òjò fún iná ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́, erinmi ni ojú wọn ń wá. Erinmi wà nínú omi náà ní tòótọ́. Nígbà tí orí kan yọ lókèèrè bí òkúta dúdú, tí ó sì tún rì, ẹ̀kọ́ físíìsì parí fún ọjọ́ náà.

Adágún yìí ní ìtàn tí kò hàn lójú omi. Kí ó tó kún, àwọn abúlé wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, ojúbọ àti ibojì àwọn àgbà wà níbẹ̀. Ju 10,000 ènìyàn lọ ni wọ́n ní láti kó kúrò kí omi tó dé. Wọ́n fún wọn ní ibùdó titun, wọ́n tún ilé kọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ etídò tí ó lọ́ràá kò ṣeé kó sórí. Ọmọ tí ó ń kọ́ A, B, D ní ọdún 1987 ti lé ní ogójì ọdún lónìí. Ẹgbẹ́ wa ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa wọ̀nyí ni a bá ní èbúté, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. A kí i kú iṣẹ́, ó ní kí a jókòó. Nígbà tí ó mọ̀ pé olùkọ́ ni wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ti mọ ìwé kà dáadáa rí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó wà nígbà tí ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí ibùdó titun, tí ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ sì di ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ó wí pé, “Ẹ̀yin olùkọ́, mi ò kọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ o. Kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ pé mi ò lọ mọ́. Ọjọ́ kan òjò rọ̀, mi ò lọ. Ọjọ́ kejì ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lọ. Nígbà tí mo fi máa lọ, ojú ń tì mí.”

A rò pé kò sí ìwé ńlá kan tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù báyẹn lọ. Àwa olùkọ́ a máa sọ pé ọmọ báyìí ti “fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀”, bí ẹni pé ó dìde, ó di ẹrù, ó sì dágbére. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í sábà lọ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń lọ, ọjọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìtìjú yóò fi ti ilẹ̀kùn tí òjò ṣí. Bí ẹnì kan bá wá a dé ilé ní ọjọ́ kejì, bóyá kì bá tí dé ọjọ́ kẹwàá. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí ó tó lọ wo àwọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé ọmọ méje kọjá apá omi kan kí wọ́n lè dé ilé-ẹ̀kọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá wá, a máa fi ohùn rara pè é láti inú omi.

Nítòsí èbúté náà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn tí ìjókòó wọn ṣófo.

Ó ń kó igi sábẹ́ àgbá tí ìyá rẹ̀ fi ń yan ẹja. Nígbà tí ó rí wa, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì bojú wo ilẹ̀, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Ọmọbìnrin tí ó mọ ìṣirò ju púpọ̀ nínú wọn lọ ni. A bi í pé kí ni ó dé.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin olùkọ́. Ìwé kò sú mi. Yàrá ni mi ò ní mọ́.”

Ìyá rẹ̀ ni ó ṣàlàyé ìyókù. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé tí ó wọ lísè, yàrá kékeré kan ni ọmọ náà ń háyà ní Atakpamé, tí ó ń dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè, tí ó sì ń lọ gbé gàrí àti ẹja wá láti ilé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Owó yàrá oṣù mẹ́ta ti wọlé sọ́rùn wọn. Baba rẹ̀ ń retí owó òwú. A bi ìyá náà pé ìgbà wo ni wọn yóò san owó òwú. Ó ní ó lè di oṣù kẹrin. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ bí ọdún ẹ̀kọ́ wa ṣe rí mọ ohun tí oṣù kẹrin túmọ̀ sí: ẹni tí ó bá padà nígbà náà, ìdánwò ni yóò bá ní ẹnu ọ̀nà.

Ìyá náà fi kún un pé ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe àgbàṣe ní Nàìjíríà nígbà tí ó wà ní kọ́lẹ̀jì. Alùpùpù ni wọ́n fi san án lẹ́yìn ọdún kan. Alùpùpù náà ti kú. Ọmọ náà wà lóko. Ó wí èyí láìsunkún, ó sì yí ẹja rẹ̀ padà kí ó má baà jóná.

Nígbà tí a jẹun tán lábẹ́ igi kan, olùkọ́ ìtàn tí ó wà láàrin wa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá wọ́n mọ̀ pé odò yìí ti gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ jáde kan láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà rí. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ìtàn náà yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí òwú ni ó bí i, ọ̀rọ̀ ìdúró akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì wà nínú rẹ̀.

Tuskegee ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Booker T. Washington, tí a bí sínú oko ẹrú, ni ó jẹ́ olórí rẹ̀ láti ọdún 1881 tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣàkóso Tógò, wọ́n fẹ́ òwú fún àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ wọn, wọ́n sì bẹ Tuskegee kí ó rán àwọn tí ó mọ̀ nípa òwú wá. Bí ọdún 1900 ti ń parí, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ti Tuskegee gúnlẹ̀ ní Lomé: James Calloway tí ó jẹ́ olùkọ́, John Robinson, Allen Burks àti Shepherd Harris. Wọ́n dá oko sílẹ̀ ní Tove. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Harris kú ní Tógò. Ní ọdún 1902, méjì nínú àwọn tí wọ́n tún rán wá kú sínú ìgbì òkun ní Lomé kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀.

Robinson ni ó pẹ́ jù. Ní ọdún 1904, òun ni ó di olórí ilé-ẹ̀kọ́ òwú ní Notsé, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Nuatjä, ní ojú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀nà tí a fi ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ síbẹ̀ ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ ronú sí: àwọn aláṣẹ ìjọba Jámánì ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan àwọn ọ̀dọ́kùnrin ránṣẹ́, tipátipá sì ni fún púpọ̀ nínú wọn. Òwú gbíngbìn ni wọ́n kọ́ wọn, nítorí òwú ni ìjọba fẹ́. Bí wọ́n bá sì parí, wọn kò bọ́ lọ́wọ́ aláṣẹ. Ìjọba ṣì fẹ́ kí wọ́n lọ gbin òwú bí a ti kọ́ wọn. Ní ọdún 1909, Robinson kú sínú odò Mono nígbà tí ó ń sọdá rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá ní ìbéèrè tí ó dára: báwo ni ọmọ àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú nínú oko òwú ṣe lè wá kọ́ òwú fún àwọn tí a fi ipá mú wá? Olùkọ́ ìtàn dáhùn pé Robinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò gbé ènìyàn dúdú sókè, nítorí ohun tí Tuskegee fi gbé àwọn fúnra wọn sókè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé wọn sókè ní Alabama kì í ṣe òwú. Ohun tí ó gbé wọn sókè ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ tiwọn: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn yọ bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ọ, olùkọ́ wọn jọ wọ́n, ẹni tí kò ní owó sì lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán kí ó kàwé ní alẹ́. Èyí ni kò dé Notsé. A kó òwú kọjá òkun, a kò kó ilé kọjá.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bíi Tuskegee pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin ilẹ̀ náà ti ọdún 1965 ya àwọn tí a dá sílẹ̀ ṣáájú ọdún 1964 láti kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ó sì fún wọn ní orúkọ kan. Cheyney bẹ̀rẹ̀ ní 1837, Lincoln ní 1854, Fisk ní 1866, Howard ní 1867. Wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lónìí. Àwọn ará Áfíríkà náà ti jẹ nínú rẹ̀. Nnamdi Azikiwe kọ́kọ́ wà ní Storer, ó lọ sí Howard, kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí ní Lincoln ní 1930. Kwame Nkrumah wọ Lincoln ní 1935, ó sì parí ní 1939. Kò sí ọlọ́rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀: ní ìgbà ìsinmi ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ó sì ta ẹja ní òpópónà Harlem ní New York. Nígbà tí a sọ èyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yan ẹja.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 100 gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà. Nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 10 ni ó ń kàwé níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú 100 aláwọ̀ dúdú tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde ju 10 lọ. Kí a má sì tàn ara wa jẹ: kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó wọ ibẹ̀ ní í parí. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti ilé tí kò ní, owó díẹ̀ sì ti dá ọ̀pọ̀ padà sílé ní ọdún kejì tàbí ọdún kẹta, gẹ́gẹ́ bí owó yàrá oṣù mẹ́ta ti dá ọmọbìnrin etídò wa padà.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ohun tí ó ń mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ní ọdún 1984, Jacqueline Fleming gbé ìwé kan jáde tí ó fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn wé àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun. Ó rí i pé bí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kò tilẹ̀ ní owó àti ohun èlò tó, ọgbọ́n àti ìgboyà àwọn ọmọ ibẹ̀ ń dàgbà sí i, nítorí wọ́n rí olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ tí ó mọ̀ wọ́n, tí ó sì kà wọ́n sí. Ní ọdún 1987, ọdún tí ẹ̀rọ Nangbéto bẹ̀rẹ̀ sí í yí, Vincent Tinto náà gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí ìdí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kúrò. Èrò rẹ̀ ni pé mímọ ìwé nìkan kò tó. Ọmọ a máa dúró níbi tí ó bá ti rí i pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn àgbà wa ti sọ èyí ní ṣókí: ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan tì í. Ní ọdún 2021, Wilberforce, tí ó wà ní Ohio láti ọdún 1856, fagi lé gbèsè tí àwọn tí ó jáde ní 2020 àti 2021 jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ lé ní 375,000 dọ́là. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé gbèsè kékeré lè di ògiri ńlá.

Ní Tógò, ìjọba náà ti yọ àwọn òkúta kan kúrò lójú ọ̀nà. Láti ọdún 2008, a kò gba owó ilé-ìwé mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ní ọdún 2021, a mú un kúrò ní kọ́lẹ̀jì àti lísè ti ìjọba pẹ̀lú. Ní ọdún 2022, a fagi lé àṣẹ ọdún 1978 tí ó ní kí a lé ọmọbìnrin tí ó bá lóyún kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Fún ọdún mẹ́rìnlélógójì, ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ ń lọ sílé, ẹni tí ó fún un lóyún a sì máa jókòó sí kíláàsì tirẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn òfin wọ̀nyí dára, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Òfin kò lè wá ọmọ dé etídò. Òfin kò mọ̀ pé òjò rọ̀ ní àná. Òfin kò ní yàrá ní Gnagna.

Yàrá ni a fi parí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà. Kì í ṣe àwa olùkọ́ ni a rí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ Ifẹ̀, ni ó sọ pé ìyá àgbà òun ń dá gbé ní Gnagna, pé ibùsùn kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé, àti pé ìyá àgbà fẹ́ ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà fún un. Wọ́n jíròrò fún ìgbà díẹ̀, ìyá ọmọ náà bi wá ní ìbéèrè púpọ̀ nípa ìyá àgbà, bí ó ti yẹ kí ìyá bi í. Àwọn tí ó mú ìwé dání yọ ìwé wọn, wọ́n fi ohun tí a ti kọ́ láti ọjọ́ ìwọlé hàn án. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí a pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn. Gbèsè yàrá àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Wọn yóò san án nígbà tí owó òwú bá dé. Àwọn mìíràn tí ìjókòó wọn ṣófo ṣì wà, a kò ì tíì rí wọn.

Ohun tí ìrìn náà kọ́ wa kò ṣòro láti sọ. Omi ni a lè fi ògiri dá dúró. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Jámánì dán an wò ní Notsé, àwa òbí àti olùkọ́ náà ń dán an wò nígbà tí a bá rò pé pàṣán àti ìhalẹ̀ ni yóò mú ọmọ jókòó. Ọmọ ń dúró níbi tí ẹnì kan ti mọ̀ pé kò wá lónìí. Bí a bá ń yin ìforítì ọmọ tí ó parí, ó dára. Ṣùgbọ́n kí a bi ara wa léèrè pé ta ni ó gbé e pọ̀n, nítorí ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí kò rí ẹni gbé e pọ̀n, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà ni ó gùn fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ní Atakpamé, ní Lomé, ní Kara, ní Cotonou tàbí ní Porto-Novo, tí ẹ sì ní yàrá kan tí ẹrù àtijọ́ ń gbé, ẹ rántí pé ọmọ kan wà ní abúlé yín tí yàrá yẹn lè mú dé ìdánwò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń dá owó jọ fún ayẹyẹ, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún gbèsè kékeré tí ń lé ọmọ sílé láàrin ọdún. Kò gba owó púpọ̀, ó gba kí a tètè mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bí ẹ bá wálé ní ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn tí ó wà ní lísè, kí ẹ sì sọ fún wọn ibi tí ẹsẹ̀ yín ti yọ̀ àti ẹni tí ó dì yín mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, iṣẹ́ tiyín ni ó rọrùn jù, òun náà sì ni ó tètè ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wo ìjókòó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín ní ọ̀la. Bí ó bá ṣófo, ẹ má dúró de olùkọ́. Ẹ lọ bèèrè ẹni tí ó ni ín ní ọjọ́ náà gan-an, kí ìtìjú tó bá a nílé.